Àtẹ̀gùn Mọ́kànlélógójì

Bàbá Ojú-Ìwé Kẹrin ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì fà á. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń kọ èrò rẹ̀ sí ojú ìwé kẹrin nínú ìwé ìròyìn kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ rẹ̀ lókè, àwòrán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Nínú àwòrán yẹn, irun ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ti kọ nípa gọ́tà, ó ti kọ nípa iná ojú pópó, ó ti kọ nípa ilé ìwé tí òjò ń wọ̀. Kí n má purọ́, ó mọ̀ ọ́n kọ. Àmọ́ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kí ẹnì kan ka ohun tó kọ kó sì dìde ṣe nǹkan kan sí i.

Ó ti gba kámú, àfi ìgbà tí Olójú-Páálí dé.

Kò sẹ́ni tó mọ Olójú-Páálí. Ó gé páálí, ó dá ihò méjì sí i fún ojú, ó la ẹnu sí i, ó fi rọ́bà dè é mọ́rí, ó wá jókòó síwájú fóònù, ó ń fi ìṣòro ìlú ṣe yẹ̀yẹ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ló máa ń lò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo èèyàn á ti gbọ́ ọ, wọ́n á ti fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́: ìlara mú Bàbá. Ó mú un débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tó bá wọ ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì í á máa wo Olójú-Páálí. Tó bá lọ gẹ ìwọ̀nba irun tó kù, onígbàjámọ̀ á dá abẹ dúró kó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Nílé tiẹ̀ gan-an, lórí àga tó fi owó ara rẹ̀ rà, ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú.

"Bàbá ilé, ẹ wá gbọ́ nǹkan," ni ìyàwó wí. "Ó ń sọ nípa ọsibítù wa tí lífíìtì ẹ̀ ti kú. Ó ní àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lè gùn ún dókè, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn, kó máa lọ sílé. Ẹni tí kò bá sì lè gùn ún, dókítà ò lè rí i. Ó ní ìdí nìyẹn tí dókítà ibẹ̀ ò fi rí aláìsàn rí láyé ẹ̀."

"Mo ti kọ nípa lífíìtì yẹn," ni Bàbá wí.

"Nígbà wo?"

"Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Orúnkún tìrẹ gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ ọ́."

Obìnrin náà wò ó, ojú tì í díẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò kà á."

Bàbá ò bá a jà. Ó wọ yàrá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ ohùn Olójú-Páálí láti pálọ̀, nítorí ìyàwó ti tún un ṣí látìbẹ̀rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi tún lífíìtì ọsibítù ṣe. Ẹnì kan tilẹ̀ lẹ bébà mọ́ ara rẹ̀: Olójú-Páálí, o ṣeun. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni olóòtú ìwé ìròyìn ránṣẹ́ pe Bàbá sí ọ́fíìsì. Ọmọdé ló jẹ́ sí i, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un.

"Bàbá, ojú ìwé wa ti dín kù," ó ní. "Láti oṣù tó ń bọ̀, èèyàn kan ṣoṣo ni a ó máa fún láyè láti sọ èrò rẹ̀. Àwọn kan ní ká máa tẹ ọ̀rọ̀ Olójú-Páálí síbẹ̀. Èmi ò tíì gbà. Ẹ kọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ yìí: ṣé ó yẹ ká ka ọ̀rọ̀ aláwàdà tó bojú sí ọ̀rọ̀ gidi, àbí ká kàn rẹ́rìn-ín ká máa lọ? Tó bá wọ̀ mí létí, ẹ̀yin lẹ ni àyè yín."

Bàbá ò dúró mu omi. Ọsibítù ló gbà lọ tààrà. Ìyá àgbà kan tó dúró sẹ́nu lífíìtì sọ fún un pé, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ o."

"Mo rí i, mà," ni Bàbá dáhùn, ó sì kọjú sí àtẹ̀gùn. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, lífíìtì Olójú-Páálí kọ́ ni yóò gbé òun ròkè. Ó ń gùn ún, ó ń kà á, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó dókè, méjìdínlógójì ló kà. Ó tún kà á bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, méjìdínlógójì náà ni. Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu àgbàlagbà. Ó ti mú irọ́ Olójú-Páálí dání, ó ń súfèé lọ sílé bí ọkọ ìyàwó.

Ó kọ ọ́ kíkankíkan. Ó ní ẹni tó bojú ní ohun tó ń fi pamọ́. Ó ní tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá purọ́, ta la ó dì mú? Ó ní òun alára ń fi ojú àti orúkọ òun síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níparí, ó kọ ọ́ pé àtẹ̀gùn ọsibítù ò ju méjìdínlógójì lọ, àti pé òmùgọ̀ tí kò lè ka àtẹ̀gùn kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa tọ́ ìlú sọ́nà. Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó gbé e fún Atẹ̀wé.

Atẹ̀wé ni ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń tẹ gbogbo ohun tí Bàbá bá fọwọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Akólòlò ni. Bàbá ò fi ìyẹn ṣẹ̀sín rí, àmọ́ kò ní sùúrù. Tí Atẹ̀wé bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Bàbá á bá a parí rẹ̀, ohun tó bá sì fi parí rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí Atẹ̀wé fẹ́ sọ.

Ọwọ́ Atẹ̀wé ń lọ wìrìwìrì lórí bọ́tìnnì. Nígbà tó dé ibi iye àtẹ̀gùn, ó dúró.

"Ọ̀... ọ̀gá, àtẹ̀... àtẹ̀..."

"Àtẹ̀jáde? Aago mẹ́rin ni, mo mọ̀. Tẹ ohun tí mo kọ."

Atẹ̀wé dìde. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé ìròyìn oṣù mẹ́rin sẹ́yìn jáde, ó ṣí i sí ojú ìwé kẹrin, ó sì fi ìka sórí ìlà kan. Bàbá kà á. "Èmi àti ìyàwó mi jọ gùn ún, mo sì ń kà á: àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì." Àwòrán rẹ̀ onírun ń wò ó láti òkè.

Ó rántí. Ìyàwó rẹ̀ sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, òun á tún ka àtẹ̀gùn tí wọ́n dúró lé.

"Inú ìwé mi ló ti jí i," ni Bàbá wí. "Olè ni. Ìwọ, báwo lo ṣe mọ̀ pé ibí ló ti rí i?"

Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa nǹkan jáde lábẹ́ tábìlì. Páálí bébà ìtẹ̀wé ni, ihò méjì lójú rẹ̀, rọ́bà lẹ́yìn. Ó fi í bojú.

"Ọ̀gá, mi ò jí i," ó ní, ọ̀rọ̀ ń já geere. "Ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ ni mo ti lọ síbẹ̀ lọ kà á. Méjìdínlógójì ni. Mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ ní kí n tẹ ohun tí ẹ kọ. Nígbà tí èmi náà fẹ́ sọ ọ́ nínú fóònù, mo rò ó pé tí mo bá ní méjìdínlógójì, àwọn tó bá ti ka tiyín á ní ẹ purọ́. Ni mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé inú tèmi lo ti mú ti gọ́tà náà? Àti ti iná ojú pópó?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Kò sí èyí tí mi ò kà lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá bi í pé, "Èéṣe tí o ò fi kólòlò báyìí?"

"Tí wọn ò bá rí ojú mi," ni páálí wí, "wọn kì í bá mi parí ọ̀rọ̀."

Ó ṣí i kúrò lójú, ó jókòó, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà lẹ́tà: òmùgọ̀ tí kò lè ka àtẹ̀gùn. Kò yọ nǹkan kan, kò fi nǹkan kan kún un. Tí Bàbá bá dákẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú sí i, àyè yẹn ti di tirẹ̀.

"Dúró," ni Bàbá wí. "Pa á rẹ́."

Ó fa bébà míì, ó kọ ọ́ ní ìdúró: "Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ ká kà á sí, bí ẹni tó sọ ọ́ bojú bí kò bojú. Èmi tí ẹ ń wo àwòrán mi yìí ni mo ṣi àtẹ̀gùn kà. Méjìdínlógójì ni. Olójú-Páálí gbà mí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fún un láyè mi."

Ẹ má rò pé ìlara yẹn kúrò o. Ó ń ta á lọ́kàn bó ṣe ń kọ ọ́, ó tún wá le sí i, nítorí ó ti wá mọ ojú ẹni tí òun ń ṣe ìlara rẹ̀. Ó gbé bébà náà fún Atẹ̀wé.

Atẹ̀wé kà á tán. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó la ẹnu.

"Ọ̀... ọ̀gá..."

"Ẹ ṣeun" ti wà lẹ́nu Bàbá láti fi bá a parí ọ̀rọ̀. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀" ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ó dá yín lójú?" náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó di eyín pọ̀. Olóòtú ń pè láti yàrá kejì pé kí wọ́n gbé e wá. Bàbá fa àga, ó jókòó kọjú sí Atẹ̀wé, ó ń dúró.

"Kọ́... kọ́... kọ́mà kan," ni Atẹ̀wé wí níkẹyìn, "lẹ... lẹ gbàgbé."

"Níbo?" ni Bàbá bi í.