Pátákó Olútóyè àti Ẹ̀wọ̀n Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ogun

Ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, dandan ni kí ẹ gbọ́ ọ, torí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò tíì mọ ohun tí ẹnu lè fà sọ́rùn ẹni tó ni ín.

Olútóyè lorúkọ ọkùnrin náà. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ní Siporex, nítòsí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì gbaka ti ń kó èrò. Lókè ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé pátákó pupa kan kọ́, ó fi lẹ́tà funfun gbàǹgbà kọ ọ́ sára rẹ̀: ORIGINE SEULEMENT. Ojúlówó nìkan. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, òun ni Olútóyè ń tà. Èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn bá ṣe láti fi rọ́pò rẹ̀, tí gbogbo Abidjan ń pè ní adaptable, kò gbọdọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bí oníbàárà bá ṣèèṣì bèèrè, á fìka méjì dímú.

"Adaptable? Tonton, ìyàwó tó wà nílé yín, adaptable ni? Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pàǹtí, ẹ jẹ́ ká ráyè mí!"

Kò sóhun tí kì í gàn. Ó ń gan attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, tí wọ́n fẹ̀rọ ṣe, ó ń gan bàtà tí wọ́n tún rán, ó ń gan pásítọ̀ tó ń wo ìwé wàásù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ará Siporex kankan mọ̀. Lọ́dún 2006, sípíríngì mọ́tò kan ta mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti dohun ìgbàgbé láti ọjọ́ náà. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, àtọwọ́dá ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mọ́ mi jù! Abúni yìí, ọkọ̀ ogun kéékèèké ló fẹ́ràn jù láyé. Oníke ni; wẹ́wẹ́ ló máa ń wà nínú páálí, èèyàn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á kùn ún lọ́dà, títí ìbọn orí rẹ̀ á fi dà bíi pé ó fẹ́ bú gbàù. Tó bá parí tán, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Áà, ó dùn!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn mẹ́ta ló máa ń jókòó ti iṣẹ́ yìí ní àgbàlá Précieux, ní Gonzagueville, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni. Awakọ̀ takisí ni Précieux, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹnì kẹta ni Mùkàrámà, ọmọbìnrin kan láti Attécoubé tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá fáwọn dókítà eyín. Òun gan-an ló ṣe ti Olútóyè. Kò sì sọ fún ẹ̀dá kankan rí.

Nígbà tí ọdún 2008 ń parí lọ, Olútóyè àti Mùkàrámà ra ọkọ̀ ogun kan náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ogun kì í fi táyà rìn. Ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ló máa ń yí àwọn ẹsẹ̀ roboto rẹ̀ ká, tó fi ń wọ́ kọjá nínú ẹrẹ̀. Kí làwọn tó ṣe páálí náà wá fi sínú rẹ̀ pé kó jẹ́ ẹ̀wọ̀n? Rọ́bà dúdú méjì! Rọ́bà lásánlàsàn, bí èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu ọ̀rá.

Mùkàrámà ti tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tú àpò kékeré kan jáde, irin wínníwínní kún inú rẹ̀; mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ láti Faransé.

"Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà inú páálí yìí kò dáa. Ó máa ń fà gan ni. Ọkọ̀ ogun gidi, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wúwo, ó máa ń sùn sórí ẹsẹ̀. Mo tún gbọ́ pé rọ́bà yìí máa ń jẹ ike tó bá pẹ́. Oníke ẹlẹ́yọ-ẹyọ wà, onírin náà wà, àmọ́ onírin ló ń sùn dáadáa. Ẹ yan èyí tó bá wù yín, màá bá yín bèèrè."

"Ta ló ṣe onírin yẹn?"

"Ilé iṣẹ́ mìíràn ni."

"Kì í ṣàwọn tó ṣe ọkọ̀?"

"Àwọn kọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Olútóyè fìka méjì dímú. "Précieux, sáré wá! Wọ́n ti gbé adaptable wọ àgbàlá rẹ o! Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó bímọ ló mọ ẹsẹ̀ tó yẹ ọmọ. Wọ́n fún ọ lẹ́sẹ̀ nínú páálí, o lọ ń yá ẹsẹ̀ nígboro!"

"Vieux père, ẹ rọra," ni Précieux wí. "Bí adaptable bá wá borí ńkọ́?"

"Ó borí kí ni? Bó bá borí, ọwọ́ mi yìí ni màá fi yọ pátákó mi lókè ìsọ̀, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo Siporex!"

"On a entendu! A ti gbọ́ o!" Précieux pàtẹ́wọ́. "Ó dọjọ́ tí a máa ṣàfihàn ọkọ̀ wa fáyé rí, lọ́jọ́ Àjíǹde."

Ẹ má rò pé igi lásán ni pátákó yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni. Monsieur Origine ni gbogbo Siporex ń pè é, Madame Origine ni wọ́n ń kí ìyàwó rẹ̀. Bí pátákó bá wálẹ̀, orúkọ á bá a wálẹ̀.

Kíá ló ti parí ọkọ̀ tirẹ̀. Kò tilẹ̀ fi ọ̀dà kan rọ́bà náà. "Ojúlówó kì í kun àtíkè," ló wí. Ó tì í mọ́nú àpótí onígíláàsì níwájú ìsọ̀, nínú oòrùn tó ń ta yanranyanran, kí gbogbo ayé lè rí i. Mùkàrámà ní tirẹ̀ ń fi wáyà tín-ín-rín so irin rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, Olútóyè á sì pè é lórí fóònù láti fi ṣẹ̀sín: "Ìyá onílẹ̀kẹ̀, ṣé o ti sín bèbè ìdí ọkọ̀ rẹ tán?"

Ọjọ́ Àjíǹde dé. Èèyàn kún gbọ̀ngàn kékeré tí wọ́n gbà fún àfihàn náà. Olútóyè ṣí aṣọ lórí àpótí rẹ̀, ó na ọwọ́ wọlé, ó gbé ọkọ̀ jáde.

Ẹsẹ̀ kan kù sínú àpótí. Òmíràn já bọ́ sórí tábìlì, ó yí gbirigbiri lọ. Rọ́bà ti jẹ ike! Gbogbo ibi tó ti kàn án ló ti yọ́ bíi bọ́tà, rọ́bà ojúlówó wá wọnú ẹsẹ̀ ojúlówó bí eyín ṣe ń wọnú ẹ̀kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ Mùkàrámà jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀wọ̀n irin rẹ̀ sùn sórí ẹsẹ̀ bí àgbà tó yó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hó yèè!

"Vieux père, c'est comment? Kí ló dé? Eyín ọkọ̀ yín ti ń ká!"

Ara Olútóyè bù máṣọ, ṣùgbọ́n Précieux kò mọ ohun tó sọ.

"Oòrùn ni," ni Olútóyè wí. "Gọ́ọ̀mù ni. Ẹ gbọ́, ohun tí wọn ò bí mọ́ ara kò lè bá ara kalẹ́. Ẹ fi adaptable yẹn sílẹ̀ dìgbà díẹ̀ sí i, á já a kulẹ̀!"

Mùkàrámà kò gbóhùn sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí wa díẹ̀."

Ẹnu Olútóyè pa dé bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá. Àwọn yòókù rò pé àwàdà ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló gbọ́ ọ yé. Ahọ́n rẹ̀ rọra lọ bá eyín yẹn níbi tó wà. Eyín tó ti fọ́ eegun adìẹ, tó ti bá a fi gbogbo Siporex rẹ́rìn-ín, kò yẹ̀, kò yọ́. Ẹnu tó fi ń bú adaptable, adaptable ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ó gun àkàbà. Précieux páàkì takisí rẹ̀ kó lè wòran dáadáa. "Monsieur Origine, ṣé ẹ ń kó lọ ni?" làwọn èèyàn ń bèèrè. Ó tú pátákó náà, ó gbé e wálẹ̀, ó gbé e wọnú ìsọ̀. Nígbà tí pátákó náà tún padà sókè, ó ti fi ọ̀dà kun SEULEMENT, "nìkan" yẹn, pa.

Ẹ rò pé ó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀? Ó tì o! Ẹ̀gàn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó kàn yíjú síbòmíràn ni. Ó bẹ Mùkàrámà kó bá a so ẹ̀wọ̀n irin sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ bí rọ́bà ṣe jẹ ẹ́, ó sì dá a padà sínú àpótí. Bí ẹ bá wò ó, á dímú: "Ẹ wo ìwà òpònú! Ẹ wo ohun táwọn kan ń pè ní ẹ̀wọ̀n!" Àwọn kan, ẹ gbọ́ ọ! Bíi pé òun kọ́.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ wọ gbaka, ẹ sọ̀ ní Siporex, ẹ wá pátákó pupa tó ní ojú ọ̀dà tuntun lára. Ẹ wo ọkọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa Olútóyè lẹ́rìn-ín, kí ẹ fojú yín wá eyín tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n.