Ta Ni Mo Fẹ́ Kí Lójú Oorun?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn díẹ̀, nítorí láìsí ìyangàn, ọ̀rọ̀ yìí ò ní í délẹ̀ rárá. Ní Aboabo, àdúgbò kan nílẹ̀ Aṣanti tí wọ́n bí mi sí, eyín ni wọ́n fi ń dá ará ilé wa mọ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, àwọn àgbà Hausa tó máa ń jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí á ní, "Ọmọ Hajia nìyẹn." Hajia tí wọ́n ń wí ni ìyá tó bí mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbogbo eyín wọn ṣì pé, wọ́n sì ń fi í fọ́ egungun ewúrẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Èmi náà ní tèmi lẹ́nu, n kò sì fojú kéré wò ó.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ wa. Bí ọmọ bá jí nílé wa, pákò ló ń kọ́kọ́ wá, kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni kó tó fọnu. Bí o bá fi ẹnu àìfọ̀ kí ìyá mi, wọn ò ní dáhùn, wọ́n á kàn nawọ́ sí ibi tí pákò wà. Èmi tí mo ti di baba ọmọ mẹ́rin, tí mo ti ń bá ìyàwó mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó, n kò fi ẹnu àìfọ̀ kí ènìyàn rí títí dòní. Tweapea tí àwọn Aṣanti ń tà lẹ́bàá títì ni pákò mi. Màá run ún títí orí rẹ̀ á fi fẹ́, màá wá fi gbo eyín kíkankíkan, bí ìgbà tí mo bá ń fi sáńpépà gbo igi.

Nítorí iṣẹ́ igi àti àga ni mo ń ṣe. Àga onítìmùtìmù ni mo ń kàn ní Anloga Junction. Iṣẹ́ yìí gba ọwọ́ méjèèjì: ọ̀kan á fa aṣọ àga kó le, èkejì á di òòlù mú. Níbo lèèyàn á wá kó ìṣó sí? Ẹnu ni. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi eyín iwájú mú ìṣó, inú mi sì máa ń dùn bí àwọn oníbàárà bá dúró tí wọ́n ń wò mí. Ìṣó á yọ láàárín eyín, òòlù á bà á lórí, kò ní tàsé.

Lọ́jọ́ kan, mo fi eyín mú ìṣó bí ìṣe mi, mo bá rí i pé eyín iwájú kan lókè ń mì. Mo fi ahọ́n tì í, ó tún mì. Mo tutọ́, ẹ̀jẹ̀ ni. Ká má purọ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tó ti ń jáde lára erìgì mi bí mo bá ń run pákò, èmi ni mo ń sọ pé pákò ló le jù.

Kò dùn mí lára rárá, ìtìjú ló bá mi. Bí eyín bá jábọ́ lẹ́nu mi, tí ti ìyá mi ṣì pé, ojú wo ni màá fi wò wọ́n? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ náà sú ìyàwó mi. Ó ní, "Bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà là á fi í hàn. Ta lẹ fẹ́ fi eyín yín hàn, òòlù?" Òun ló fà mí wọ trotro, ọkọ̀ akérò wa, lọ sí Bantama, lọ́dọ̀ dókítà eyín.

Dókítà náà, ọmọbìnrin Aṣanti kan tí kò lè ju àkọ́bí mi lọ, tan iná sí mi lẹ́nu, ó sì fi Twi, èdè wọn, pè mí ní arákùnrin ìyá rẹ̀, ó ní, "Wofa, báwo lẹ ṣe ń fọnu?" Ìbéèrè yẹn bí mi nínú. Irú èmi ni wọ́n ń bi léèrè bí mo ṣe ń fọnu. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí pákò dórí pé n kì í kí ẹnikẹ́ni kí n tó fọnu. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa. Ní alẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Ní alẹ́ báwo? Ta ni mo fẹ́ kí lójú oorun?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní fùfú àti ẹran tí mo jẹ, pẹ̀lú tíì onímílíìkì tó dùn tí mo fi tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ ló ń bá mi sùn. Òun ló gan mọ́ ìdí eyín, tó ń lé erìgì sẹ́yìn. Gbígbo tí mo ń gbo ó sì tún ń bó erìgì náà ni. Ó wá fi dígí fi ibi tí ìṣó ti gé etí eyín mi wọnú hàn mí. Ó ní òun á ha ìdọ̀tí náà kúrò, ṣùgbọ́n bí n kò bá yíwà padà, eyín yẹn ò ní pẹ́ bọ́.

Nínú trotro tó ń gbé wa padà, ìyá mi ni mò ń rò. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo ń rí wọn tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá, tí aswaki, pákò àwọn Hausa, wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó kírun, ìrun márààrún, títí kan ti alẹ́ tí wọ́n ń kí lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ti ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ló ń tọ́jú eyín wọn, àṣé fífọ̀ alẹ́ yẹn ni. Àwa ń fọnu nítorí ènìyàn, ìyá mi ń fọ tiwọn nítorí Ẹni tí kì í sùn.

Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, màá fi fọnu, n kò sì ní fi nǹkan kan sẹ́nu mọ́ ju omi lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nítorí náà mo rọra. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ṣe mí bíi kí n fo ibẹ̀, àmọ́ dókítà ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fò ó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀jẹ̀ dá. Ní ti ìṣó, mo tú òòfà, irin tó ń fa irin mọ́ra, lára rédíò tó ti bàjẹ́, mo fi awọ dè é mọ́ ọrùn ọwọ́, mo kó ìṣó lé e. Àwọn káfíńtà Anloga fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní báyìí, mẹ́rin nínú wọn ti de tiwọn mọ́wọ́, wọ́n ń pè é ní ti Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Èmi ni Alata náà, ẹ má gbàgbé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, dókítà fi ìka ti eyín náà. Kò mì. Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ tààrà, mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń fi ẹnu pamọ́ fún wọn. Wọn ò bínú. Wọ́n fọwọ́, wọ́n ní kí n lanu. Wọ́n fi àtàǹpàkò mì í síwá, wọ́n mì í sẹ́yìn, kò gbéra. Wọ́n sì wo ojú mi.

"Gbogbo ìyókù," ni wọ́n wí, "èmi ni mo bí wọn mọ́ ẹ. Èyí, ìwọ lo bí i fúnra rẹ."