Búlọ́ọ̀kù Ọjọ́ Sátidé

Bàbá onílé wa ní Dutse Alhaji kì í kágò. Aṣọ ẹnu ọ̀nà ló máa ń ká sókè, a ó kàn rí orí rẹ̀ nínú yàrá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń wọ búbà lọ́wọ́ nígbà tí orí yẹn yọ. Bàbá ní gílóòbù lòun wá wò, bóyá a ti pa á. Kò ní èrò ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ilé ńlá kọ́ ni mo fẹ́," ó wí. "Ibi tí èèyàn ti máa kágò fún mi kó tó wọlé ni mo fẹ́. Yàrá kan ṣoṣo náà ti tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. A ní ilẹ̀ kékeré kan nítòsí, tí a ti rà kí a tó ṣègbéyàwó, koríko nìkan ló ń hù lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n omi inú ajere ni owó lọ́wọ́ mi. Owó oṣù ò ní tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan á fi pè láti Èkìtì: òrùlé ń jò, ọmọ ń wọ ilé ìwé, àna fẹ́ ṣòkú. Èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé kò sí nígbà tó bá wà.

Ìyàwó mi, aránṣọ, ló rí ọ̀nà. Ó ní, "A ò ní tọ́jú owó mọ́. Búlọ́ọ̀kù la máa tọ́jú. Mi ò tíì rí ẹni tó pè láti ilé pé ká fi búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń gbé oúnjẹ lọ sí ọ́fíìsì nínú kúlà, owó tí ǹ bá fi jẹun ọ̀sán á wá di ti Sátidé. Òun náà á fi owó ṣòkòtò tó bá bá èèyàn gé kúrú lé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ fún Hausa tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì pé mẹ́rin ni mo fẹ́.

"Kai, Oga!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Four? Na house for fowl you wan build?"

Inú bí mi. Ìtìjú fẹ́ kí n ra ogún, kí n sì gbàwìn tó kù. Ìyàwó mi fi ìgúnpá gún mi níhà. Mẹ́rin la rà, mo fi bárò tì í lọ sórí ilẹ̀ wa.

Òjò dé, ó lọ, ó tún dé. Alángbá fi àárín búlọ́ọ̀kù wa ṣelé ṣáájú wa. Láwọn ọ̀sẹ̀ mìíràn, ẹyọ kan la rí rà, ṣùgbọ́n a kò pa Sátidé kankan jẹ. Ẹni tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń kí ìyàwó mi ní "Sànnu, Madam", ó tún ń fi ẹyọ kan ṣe ènì nígbà mìíràn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: òkìtì náà ga dé àyà mi.

Gíga rẹ̀ yẹn ló fa ọ̀rọ̀. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa yà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn.

"Búlọ́ọ̀kù yín tí òjò ń pa lásán yẹn, ẹ yá wa, ká fi mọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Bówó bá wọlé, a ó dá a padà."

Ẹnu mi ti là, "kò burú, sà" ti wà lórí ahọ́n mi. Ìyàwó mi kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ilé wa ni. Ó kàn jókòó ni, kò tíì dìde."

Bàbá yíjú sí mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo wí. "Ilé ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run gbé e dìde.

Lóṣù tó kọjá, bíríkìlà fi ìpìlẹ̀ yàrá kan lélẹ̀, ó sì mọ ògiri dé orúnkún kí búlọ́ọ̀kù tó tán. Nígbà tó lọ, ìyàwó mi gba ibi tí ilẹ̀kùn máa wà wọlé, ó dúró láàárín, ojú ọ̀run gbayawu lórí rẹ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ láti da ògiri kọjá lọ bá a.

"Ta nìyẹn?" ó bi mí. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Mo rìn yí ká títí dé ẹnu ọ̀nà.

"Àgò onílé o!"

Ó ń fi etí gèlè nu ojú. Mo dúró síta nínú oòrùn bí àlejò, n kò kánjú.

"Àgò yà," ó wí. "Ẹ máa wọlé."