Ìwé Ẹ̀rín Nínú Opó

Nígbà tí mo wà nínú opó, ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ jù ni ìwé ìtàn tí yóò pa mí lẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí. Ó tì mí ju báyìí lọ nígbà náà.

Kì í ṣe pé inú mi dùn. Ọkọ mi ló fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ mi lára. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, níbí ní Òṣogbo. Tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tó kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Èmi á máa bó ẹ̀gúsí, òun á máa ka ìtàn aláwàdà sí mi létí. Kò mọ̀ ọ́n kà. Kó tó débi ẹ̀rín ni òun fúnra rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ á há, n kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. "Kí ló wí?" ni mo máa ń béèrè. Á nu ojú, á tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kì í sì í rẹ́rìn-ín láàrin èrò. Ẹ̀yìnkùlé yẹn nìkan ni mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ pín ẹrù rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Páálí tó ń kó àwọn ìwé rẹ̀ sí bá aṣọ àti rédíò lọ. Mo jókòó lórí ẹní, mo ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé e gba ẹnu ọ̀nà jáde. Obìnrin wo ni yóò sọ fún ẹbí ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rín sílẹ̀ fún òun?

Mùsùlùmí ni wọ́n láti ìran baba wọn. Opó wọn kì í jáde fún oṣù mẹ́rin ó lé, kì í lo ohun ọ̀ṣọ́, kì í wọ aṣọ aláràbarà. Ẹ̀rín kò sí lára ohun tí àáfà kà sílẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu opó, wọn á ní ikú ọkọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán nílẹ̀. Ará Iléṣà ni mí, inú agboolé wọn ni mo sì fẹ́ darúgbó sí.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Iléṣà ni mo pè lórí fóònù.

"Ìwé kí ni, Àǹtí mi?"

"Ìwé ìtàn. Èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín."

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Ẹ̀yin? Nínú opó yìí?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé àwọn oníbàárà wà lọ́dọ̀ rẹ ni?"

"Wọ́n wà. Ẹ fọkàn balẹ̀, n ò dárúkọ yín."

Ó wá a kiri. Ọkùnrin kan tó ń tàwé nítòsí ọjà bi í pé kíláàsì kelòó ni. Ó ní kì í ṣe ti kíláàsì, ti ẹ̀rín ni. Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ìyá, ìwé ìdánwò là ń tà, àti ìwé àdúrà. Ta ló ń fowó ra ẹ̀rín nílùú yìí?" Ó wá fa ọ̀kan yọ tí wọ́n ya ọkùnrin kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó la ẹnu gbàgà, tó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi fi rán awakọ̀ sí mi. Ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn kú ní orí kejì, wọ́n sun ilé rẹ̀ ní orí kẹta. Ẹkún ni ìyókù. Mo tún pè é.

"Èyí kò pa mí lẹ́rìn-ín."

"Àbí ẹ ò kà á dáadáa?"

"Gbogbo wọn ló kú."

"Yéè! Ẹ foríjì mí, n ò ka inú rẹ̀. Eyín ọkùnrin yẹn ni mo rí."

Ìkejì tó rí, wàásù ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ọ̀mùtí kan ń ṣubú sí gọ́tà, ẹni tó kọ ìwé ń bá a wí. Èyí tó wá dáa, ọwọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì ló ti rà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ti ya lọ, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó dá lórí ọkùnrin kan tó yá bàtà lọ kí àwọn àna rẹ̀. Bàtà náà há. Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì lè wọ̀ ọ́ mọ́. Nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bàtà kì í ṣe tirẹ̀, kò lè lọ sílé. Ó jẹun ọ̀sán, ó jẹ ti alẹ́, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ìyàwó na ìgbálẹ̀ sí i. Mo ki etí ìborí mi bọ ẹnu.

Nítorí pé ìwé náà kò lẹ́yìn, mo fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó, bí a ti ń ṣe nílé ìwé. Kàlẹ́ńdà mọ́sáláṣí ló wà nílé. Àwòrán Káábà bọ́ sí iwájú gan-an. N kò rò ó rárá; nítorí pé bébà náà nípọn ni mo ṣe lò ó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaja, ló máa ń wá jókòó tì mí lọ́sàn-án. Ó rí ìwé náà lórí itan mi.

"Ìyàwó, àdúà lò ń kà láti àárọ̀?"

Mo tẹrí ba. N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ọlọ́hun á gbà á. Ẹlòmíì ì bá ti máa fi fóònù ṣeré."

Ó ròyìn mi káàkiri. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wá kí mi fi ń sọ pé àwọn gbọ́ bí n kì í ṣe é gbé ìwé àdúà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń yìn mí, etí mi á gbóná. Bí mo bá bọ́ kàlẹ́ńdà náà kúrò, wọn á béèrè ìdí. Bí n kò bá bọ́ ọ, ilé Ọlọ́hun ni mo fi ń bo ìtàn bàtà tó há.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wá kí mi. Yàrá àlejò kún. Wọ́n ní mo kú ìrọ́jú, wọ́n ṣàdúà. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó rere, ka díẹ̀ nínú ìwé yẹn, ká ṣe àmín sí i fún ọkọ rẹ."

Mo ní ohùn mi ti há.

"Ohùn tó há náà ni Ọlọ́hun ń gbọ́."

"Ará Iléṣà," ni Alhaja fi mí ṣẹ̀fẹ̀, "àbí o fẹ́ kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ wa ni?"

Mo ṣí ìwé. Mo ka Fátíhà tí mo mọ̀ lórí, mo tẹjú mọ́ ojú ewé bí ẹni pé ibẹ̀ ló wà. Wọ́n ṣe àmín. Mo bọ́ sí Yorùbá: kí Ọlọ́hun forí jì í, kó fẹ ibojì rẹ̀ fún un, kó fi Alùjánà kẹ́ ẹ. Ojú mi sì ń lọ lórí ìlà láìbi mí. Ìyá ìyàwó ń sọ fún ọkùnrin náà pé tó bá gbálẹ̀ tán, kó pọnmi kún àmù kó tó wá jẹun. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ọkọ mi ì bá ti há. Bí mo ti rántí rẹ̀ ni ẹ̀rín gbé mi. Mo fa ìborí bojú, mo dorí kodò. Èjìká mi ń gbọ̀n.

"Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹ fi í sílẹ̀, ó tó!" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kígbe.

Ẹnì kan bú sẹ́kún, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ìyá àgbà ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. "Ìfẹ́ ni, ọmọ mi. Ìfẹ́ ni." Omijé jáde lójú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fà á. N kò lè sọ ibi tó ti di ẹkún.

Alhaja ló gba ìwé náà. Apá òsì mi ló jókòó sí, níbi tí ìborí náà ti ká sókè. Ó rí ojú mi.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ṣí ìwé, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo ń retí ohùn tí yóò fi pe agboolé jọ.

"Bàtà ni," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bàtà ni mo ń ròyìn káàkiri àdúgbò."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Ó bọ́ kàlẹ́ńdà náà kúrò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó ká a, ó sì kó o sínú báàgì rẹ̀. "Àwọn obìnrin yẹn ṣe àmín," ó wí. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ ní ìhòòhò lórí ẹní mi, ó jáde láìdágbére.

Ní ọjọ́ kejì, mo ń fetí sí ohùn gbogbo ẹni tó wọlé. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Ńṣe ni ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń kí mi pọ̀ sí i, ìyẹn ló sì burú jù. Títí di òní, ìyàwó rere ni ìyá àgbà náà ń pè mí. N kò lè wo ojú rẹ̀ tó bá ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Alhaja dé lọ́sàn-án, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Àbúrò mi ka irú rẹ̀ sí mi létí rí. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó parí rẹ̀."

Mo fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ọkùnrin yẹn, ṣé ó wọ bàtà náà níkẹyìn?"

"N kò tíì débẹ̀, mà."

"Kà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn."

Mo dìde, mo tì í. Mo ń kà á ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, mo sì ń fetí sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá níta.