Ìgbín Oníwo Mẹ́ta

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2021, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje, wọ́n ya àwòrán mẹ́sàn-án lábẹ́ omi, lára ògiri èbúté àtijọ́. Ẹ̀rọ ayàwòrán ló kọ àkókò náà sára wọn. Kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀.

Òmùwẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹja ló yà wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ha ewéko òkun kúrò nídìí ọkọ̀, títí etí ọ̀tún rẹ̀ fi di, tí wọ́n sì ní kó má wọ omi mọ́. Ọjọ́ tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ló rí ohun kan bí ìgbín tó ń rá pálá lórí ògiri: kò tó ìka ọmọdé, kò níkarahun, ìwo mẹ́ta ló sì wà lórí rẹ̀. Méjì ni irú wọn máa ń ní. Kò fọwọ́ kàn án. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí yunifásítì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìgbín."

Bó bá jẹ́ ẹ̀yà tuntun, wọ́n lè fi orúkọ òmùwẹ̀ náà sọ ọ́: orúkọ rẹ̀ gan-an, tí ẹnikẹ́ni ò pè mọ́ ní èbúté. Ìyẹn nìkan ló ń fẹ́.

Akọ̀wé yunifásítì ka "ìgbín", kò wo àwòrán, ó tì í sínú àpótí àwọn oníkarahun. Ọdún kan ààbọ̀ ni Ẹja fi ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà wo lẹ́tà.

"Baálé mi, ṣé ìyàwó tuntun lẹ ń retí ni?" aya rẹ̀ bi í.

"Oníwo mẹ́ta ni. Ṣọ́ra ẹ."

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan tú àpótí náà, ó sì pe Ẹja lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ṣe kọ ọ́ pé kò níkarahun? Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹranko kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo àwòrán yìí, ó lè jẹ́ àbùkù ara ni. Àfi kí n rí òmíràn mú sínú ìgò. Ẹ mú mi débẹ̀."

Ẹja mú un débẹ̀. Láti oṣù keje ni wọ́n ti da yanrìn bo ògiri náà dókè. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin ló páàkì sórí rẹ̀. Ẹja tún wọ omi, ó wá gbogbo ògiri tó kù wò títí etí dídi rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Ọ̀mọ̀wé dé ìgò òfìfo rẹ̀, ó kó o sínú àpò. Ó tún yọ àwòrán kan wò.

"Ẹ má bínú o, bàbá. Ìwo kẹta yìí, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ọn?"