Ìyá Omi-Gbóná Lọ Bẹ Gbẹ́nàgbẹ́nà Wò

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló ń fọ̀: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, èyí tí ọmọ ọwọ́ tọ̀ sí, èyí tí èèyàn kú sórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, aláriwo ló máa dà. Ṣùgbọ́n ti obìnrin yìí tún ju ti ariwo lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa bó èèyàn lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Omi-Gbóná. Nígbà tó gbọ́ pé orúkọ tí wọ́n sọ òun nìyẹn, inú kò bí i. Ó ní ó sàn ju Ìyá Omi-Tútù lọ.

Opó ni. Akọ̀wé ìjọ ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bọ́ táì lọ́rùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí fún un. Tíṣà ni ọmọ náà, ó ti wà nílé ọkọ.

Lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ pè é lẹ́yìn ìsìn, ó ní kó wá wọ ẹgbẹ́ abẹniwò, àwọn tó ń lọ wo aláìsàn àtàwọn arúgbó nílé.

"Èmi kẹ̀, Pásítọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa wọ́n ni?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ṣàwàdà. Ó ní bàbá kan wà, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan gbogbo àga ìjọ, tí kò fẹsẹ̀ kan ilé ìjọsìn mọ́ láti ọdún méjìlélógún. Wọ́n rán díákónì sí i, ó fi ọ̀pá lé e dé títì. Wọ́n rán ẹgbẹ́ akọrin sí i, ó tilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù títí wọ́n fi kọrin tán.

"Àwọn onísùúrù ti lọ, Màmá, wọn ò rí i ṣe. Mo ní bóyá ẹni tó le bíi ti bàbá náà ló yẹ ká rán."

Ìyá Omi-Gbóná mọ bàbá náà dáadáa. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Pákó méjìlá tó jẹ́ ojúlówó ni ìjọ kó fún un nígbà náà pé kó fi kan àga ìwàásù tuntun. Méje pòórá nínú wọn láti inú yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ọkọ rẹ̀, Akọ̀wé, dìde lójú gbogbo ìjọ, ó ní òun rí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kó igi jáde nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ẹlẹ́rìí kejì. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti gbẹ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, nítorí ta ló máa fún olè ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ pé kó wá tún ilẹ̀kùn ṣe? Ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọdún kan, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé Ìyá Omi-Gbóná lọ síbẹ̀. Ohun tó gbé e lọ ni pé ó fẹ́ fi han ìjọ pé ẹnu ọkùnrin kan kò lè borí tòun.

Ọjọ́bọ̀ ló lọ, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú búrẹ́dì kan nínú ọ̀rá. Yàrá bàbá náà ló wà lẹ́yìn pátápátá nínú ilé gígùn kan, fèrèsé rẹ̀ fọ́, wọ́n fi páálí dí i. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ìjọ ló rán mi."

"Padà lọ sọ fún wọn pé mo ti kú. Kí wọ́n má sì wá síbi ìsìnkú."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ korò bí ewúro.

"Áà! Ìyàwó Akọ̀wé. Wọn ò rí ẹlòmíì rán, àfi ìwọ?"

"Èmi náà ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán mi."

Bàbá gbá ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú, búrẹ́dì há sí i láàárín. Ìyá Omi-Gbóná dúró síta, ó pariwo pé irú ìwà báyìí ló lé ìyàwó rẹ̀ lọ. Bàbá dáhùn láti inú ilé pé irú ẹnu báyẹn ló pa Akọ̀wé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó padà lọ ní Ọjọ́bọ̀ kejì, wọ́n tún bú ara wọn. Ní ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn lọ lẹ́nu ọ̀nà, òórùn kan gbà á nímú, ó dákẹ́. Ó mọ òórùn náà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń bá a pàdé lára aṣọ.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ń jẹrà."

"Ṣé ẹsẹ̀ tìẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Lọ wo sàréè ọkọ ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ó bá nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì náà fún un ní báńdéèjì, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ fọ egbò. Nígbà tó débẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, ó kanlẹ̀kùn títí, kò gbọ́ èébú kankan. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó já. Ilẹ̀ ni bàbá wà, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì. Àtàárọ̀ ló ti ṣubú, kò sì lè dìde.

"Ta ló ní kó o wọlé?"

"Ilẹ̀kùn yín ni. Ìdè rẹ̀ ti jẹrà. Gbẹ́nàgbẹ́nà mà ni yín o!"

Ó fa bàbá náà dìde, ó gbé e jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé omi kaná. Aṣọ tí bàbá fi di ẹsẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ó ń fi omi rin ín díẹ̀díẹ̀, kò fi ọwọ́ bo imú.

"Rọra, ìwọ obìnrin yìí! Ṣé aṣọ ọsibítù ni ẹsẹ̀ mi ni?"

"Aṣọ ọsibítù kì í pariwo."

Nígbà tó dì í tán, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìgbéraga sì wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó jí pákó ilé Rẹ̀ ni mo wá ń fọ ẹsẹ̀ fún."

Bàbá kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní yàrá ẹ, onílẹ̀kùn mẹ́ta. Ọdún tí mo di olè ni ọkọ ẹ gbé e wálé."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ iṣẹ́ mi ló kàn án fún un. Ẹ̀rù ló bà á tó fi dákẹ́. Ìgbà tó ń kó kúrò ládùúgbò yìí, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ló tó wá jẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo pákó méjèèjìlá ni mo fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí lára. Lọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù ẹ kúrò lára ògiri."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ látìgbà náà?"

"Fún ta? Ta ní í gba ẹ̀rí olè gbọ́? Jáde nílé mi."

Gbogbo ọ̀nà ni Ìyá Omi-Gbóná fi ń bú u pé òpùrọ́ ni. Nígbà tó délé, kò jókòó. Ó kó aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀, aṣọ ìsinmi rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn táì ọkọ rẹ̀ tí kò tíì lè fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ẹsẹ̀ ti igi náà síwájú. Jàǹkárìwọ̀ àti eruku ló bò ó lẹ́yìn. Ó rẹ àkísà sínú omi, ó nù ún. Ẹẹ́fà pupa yọ sí i. Ó nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹẹ́jọ yọ. Nígbà tó fi máa dé inú ilẹ̀kùn àárín, nọ́ńbà méje ló ti rí.

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ, ó bú ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lórí àga níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù lọ kì í ṣe ti ọkọ. Ó rántí ọjọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù náà wọlé. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ta òun lọ́rẹ, Ìyá Omi-Gbóná sì jó yí i ká. Òun tí ẹnu òun kì í dákẹ́, tó jẹ́ pé bí aládùúgbò bá ra ṣíbí tuntun, òun á béèrè ibi tó ti rà á, òun kò béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Akọ̀wé ti lọ sinmi. Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà bò ó."

"Àdúrà kì í ṣe aṣọ ìbora, Pásítọ̀. Gbangba ni wọ́n ti pè é lólè."

Ọmọ rẹ̀, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyẹn kò rọra sọ̀rọ̀ bíi ti pásítọ̀. Ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màámi, nítorí bàbá olóòórùn kan, ẹ fẹ́ lọ ba orúkọ bàbá mi jẹ́? Òkú tí kò lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀?"

"Ìgbà tó lè sọ̀rọ̀, ṣebí o rí ohun tó sọ."

"Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lọ́la, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ, kò mu omi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ abẹniwò wá sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, Ìyá Omi-Gbóná gba makirofóònù. Ó ní: "Ẹ rán mi lọ wo olè. Mo lọ, mo dé, mo bá olè nílé ara mi. Ọkọ mi ló kó pákó méje. Ara kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà, pẹ̀lú nọ́ńbà."

Ariwo ta. Ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n mú un jókòó, orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ pa makirofóònù. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti bá ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin figagbága fún ọgbọ̀n ọdún, kí ló fẹ́ fi makirofóònù ṣe? Ó gbé e kalẹ̀, ó sì sọ èyí tó kù. Ó ní gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà lọ́jọ́ tí wọ́n pe bàbá náà lólè, tí kò béèrè ẹlẹ́rìí kejì, òun àtàwọn ló jọ kó pákó náà. Ìyẹn ló bí wọn nínú jù.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, àwọn alàgbà mẹ́ta lọ bẹ bàbá. Bàbá jẹ́ kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ tán.

"Ọdún mélòó ló jẹ́?"

"Méjìlélógún, Bàbá."

"Ẹ lọ máa bẹ̀ mí fún ọdún méjìlélógún."

Wọn kò padà lọ mọ́. Ní ti Ìyá Omi-Gbóná, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ abẹniwò, wọ́n ní kó lọ sinmi. Àwọn tó máa ń jókòó tì í tẹ́lẹ̀ wá àga míì. Ó ní kí wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó kó pákó méjèèje lọ sí ilé ìjọsìn, wọ́n wà níbẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Inú páálí ni aṣọ rẹ̀ wà báyìí. Ọmọ rẹ̀ kò pè é fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó wá pè, ọ̀rọ̀ ikọ́ tó ń ṣe ọmọ kékeré rẹ̀ ló sọ, kò mẹ́nu kan ti bàbá rẹ̀ rárá. Títí di òní, wọn kò tíì sọ ọ́.

Ó ṣì ń lọ sọ́dọ̀ bàbá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn ti ìjọ, bàbá na ẹsẹ̀ fún un, ó sì wò ó bó ṣe ń tú báńdéèjì.

"Mo gbọ́ pé o sọ ọ́. Ṣé o wá rò pé mo ti dárí jì ẹ́ nìyẹn?"

"Mi ò béèrè. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀."

"Ọdún méjìlélógún lo fi ń kọ́ aṣọ sínú orúkọ mi."

Ìyá Omi-Gbóná bu iyọ̀ sínú omi. Ó fọ ẹsẹ̀ náà tán, ó dì í, ó da omi nù.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ẹgbẹ́ abẹniwò yọ́ wá bá a níbi iṣẹ́, láàárín ooru àti ariwo, ó ní kó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa ń sọ bó bá délé onílé.

"Má sọ nǹkan kan," ni Ìyá Omi-Gbóná pariwo sí i létí. "Kọ́kọ́ béèrè ohun tá a fi ṣẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá bú ẹ, jókòó. Bí ilẹ̀ bá dọ̀tí, gbá a."

Ọmọbìnrin náà ní ṣé kì í sú màmá ni.

"Ó ń sú mi. Ọjọ́bọ̀ gbogbo ló ń sú mi."

Egbò bàbá ti kéré, kò ju ojú bọ́tìnnì lọ mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ kan bàjẹ́ níbi iṣẹ́, Ìyá Omi-Gbóná sì pẹ́ kó tó dé. Bàbá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti fúnra rẹ̀ tú báńdéèjì.

"O pẹ́."

"Ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

"Ẹ̀rọ ni àbí ọ̀lẹ?"

Ìyá Omi-Gbóná gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ gbé omi kaná.