Ìrọ̀rí Tó Ń Fipá Mú Màmá Gbàdúrà

Wọ́n ní mọ́tò kan wà ní Sango tí ìrọ̀rí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fipá mú ènìyàn gbàdúrà. Bí o bá ti jókòó sí àárín báyìí, yóò gbá ìpàkọ́ rẹ mú, yóò tẹ orí rẹ ba, o kò sì ní í gbé e sókè títí o ó fi ṣe àmín. Ọlọ́kadà kan tilẹ̀ búra fún mi pé bí ẹni náà kò bá san ìdámẹ́wàá, imú rẹ̀ á kan orúnkún. Wọ́n ní tírà ni Mùíbátù rán sínú rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni Mùíbátù, nítorí náà ìyàwó mi ni. "Ọkọ mi" ló ń pe èmi tí mo kéré sí i, tí mo máa ń fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí n lè rí i kó máa rákò káàkiri ṣọ́ọ̀bù.

Adó-Odò ni wọ́n ti bí i, aṣọ obìnrin ló sì kọ́kọ́ ń rán. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá gba ojú ọ̀nà Ìdíròkò, tí yunifásítì sì tẹ̀ lé e, mọ́tò tòkunbọ̀ ya bo Ọ̀tà bí eṣú. Gbogbo bàbá tó ní ìyàwó àtọmọ ló ń wá èyí tí apá rẹ̀ ká. Mùíbátù wo ìjókòó wọn tó ti ya, ló bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì.

"Ìjókòó mọ́tò kì í sọ pé búbá fún òun láyà," ló wí. "Kì í sì í pè mí ní òpùrọ́ lọ́jọ́ Iléyá."

Kò sí ọmọ tuntun ládùúgbò wa tí kò sùn lórí àjákù fóòmù rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti bímọ báyìí, á ti rán ìrọ̀rí pẹ́ńpẹ́ kan kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ayọ̀rìndé, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Agbára, tó sì ń gbé ní Àtàn, ló gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Ìjókòó ẹ̀yìn ní ìrọ̀rí lọ́tùn-ún, ó ní lósì, àárín ṣófo. Mọ́tò ẹni tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tó ṣe é ti pinnu pé kí ẹni tó bá jókòó láàárín gbé ọrùn ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìyá Ayọ̀rìndé máa ń fẹ́ jókòó, kó lè máa rí ọ̀nà, kó lè máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Ṣùgbọ́n ọrùn Màmá kò lágbára mọ́ látìgbà tó ti ṣubú. Bí mọ́tò bá ti kó sí kòtò, ó di kó máa jẹ̀rora. Bẹ́ẹ̀, Yẹ́misí, ọmọ-ọmọ tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n dàgbà, fẹ́ gboyè ní yunifásítì, Màmá sì ní òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí i.

Mùíbátù ní ìrọ̀rí tí irin rẹ̀ ń lọ sókè sódò ló dára jù. Ayọ̀rìndé ní owó irin náà ti pọ̀ jù. Kó ṣe èyí tó dúró lójú kan, kó má sì ga débi tí òun ò ní í rí ẹ̀yìn nínú díńgí. Ni Mùíbátù bá fi téépù wọn ọrùn Màmá, ó wọn ìpàkọ́, ó ki fóòmù tó le sí i, ó fi awọ dúdú bò ó. Ó ṣe rẹ́gí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá dorí kodò láti Àtàn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Orúnkún ara rẹ̀ nìkan ló rí. Àwọn tó wà ní géètì ní, "Ẹ wo màmá aládùúrà!" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti di tírà. Màmá ní òun ò wọ ọkọ̀ náà mọ́ láéláé.

Mùíbátù kò lè jẹun. Mo ní, "Ìyàwó mi, bá wa rán ọ̀kan fún Lẹ́mọ́mù àdúgbò wa, ó máa ń sùn lórí ìjókòó." Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi, màmá yẹn ò ní í rí Yẹ́misí o."

Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la, a gun ọ̀kadà, ó di Àtàn.

Màmá rí wa, ó dìde. "Ẹ má gbé òògùn yín wọlé mi o!"

Mùíbátù kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kí n tún lọ máa wo orúnkún? Orúnkún wo ni mi ò tíì rí rí?"

"Bó bá tẹ orí yín ba, èmi ni kí ẹ gbá létí," ni mo wí.

Ìyẹn wù ú. Ìdí ààrò ló ti ń bọ̀, pẹ̀lú irun ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tó hàn kedere. Ó wọ mọ́tò, ó jókòó sí àárín, ó fẹ̀yìn tì. Orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. A wo ara wa.

"Màmá," Mùíbátù bèèrè jẹ́jẹ́, "báwo lẹ ṣe múra lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Màmá wọlé, ó wé gèlè jáde, kókó ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi tó ìkúùkù. Ó jókòó. Kókó gèlè kan ìrọ̀rí, orí Màmá sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tí wọ́n ń súre fún.

Mùíbátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rán búbá fún gbogbo Adó-Odò! Mo wọn orí, mo gbàgbé gèlè!"

"Ó ti yanjú nìyẹn," ni Ayọ̀rìndé wí. "Kí Màmá má wé gèlè lọ́la."

Gbogbo wa wò ó bí ẹni tó ní kí ìyá rẹ̀ rìn níhòhò wọ yunifásítì. 

Mùíbátù tú awọ náà lójú gbogbo ará ilé. Fóòmù ló wà níbẹ̀. Ó gé àárín rẹ̀ kúrò, ó wá dà bí fèrèsé kékeré: ìsàlẹ̀ á gbé ọrùn, kókó gèlè á wọ inú ihò. Bí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀, Ayọ̀rìndé á gba inú ihò náà rí ẹ̀yìn. Kò sì ní í sanwó irin kankan. Ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an padà, èmi bá a di awọ mú, mi ò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní àfi kí Mùíbátù jókòó ti òun. Bó bá tún di àdúrà, kí àwọn jọ gbà á. Ó di ọwọ́ Mùíbátù mú, kò fi sílẹ̀; èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

"Ayọ̀rìndé, rọra! Ọ̀kadà ń bọ̀ lósì! Ṣé inú kòtò yẹn lo fẹ́ kó wa sí ni?"

Ayọ̀rìndé wò wá nínú díńgí. "Àǹtí Mùíbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè dá ti àkọ́kọ́ padà?"

Láti Àtàn dé géètì yunifásítì, Màmá ò tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.